"More taller" kọ́ ni wàhálà tó pọ̀ jù

Ẹ kú ìsapá, ìyá wa. Ẹ ní ọmọ yín tó ń múra fún WAEC ò yéé kọ "more taller", bó ti wù kó há "good, better, best" sórí tó. Ó pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ SS3 ní Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn iléèwé nílùú Ìbàdàn. Ẹ jẹ́ kó gbé àkọ́sórí yẹn tì ná.

Nílé, "Túndé ga ju Ṣọlá lọ" là ń wí. "Ga" ò yí padà, "ju" ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́. Tí ọmọ bá wá kọ "taller" tán, ọkàn rẹ̀ ò ní balẹ̀ àfi kó wá nǹkan fi sí ipò "ju", ló bá fa "more" wọlé. Ọ̀rọ̀ kúkúrú bíi "tall" ń gba "-er", èyí tó gùn bíi "beautiful" ń gba "more", méjèèjì kì í sì í jọ wà lórí ọ̀rọ̀ kan. Ìyẹn á mọ́ ọn lára láìpẹ́.

Èyí tó ń jẹ máàkì wọn gan-an ni "He is senior than me". Àgbàlagbà ń sọ ọ́ lórí rédíò! "To" ni "senior", "junior", "superior" àti "inferior" ń bá rìn. "Prefer" náà ńkọ́: "I prefer amala to rice". Látinì ni wọ́n ti wá, ṣùgbọ́n ìyẹn ò kan ọmọ tó fẹ́ yege. Kó ṣáà máa pè é lẹ́nu títí etí rẹ̀ ò fi ní gba "than" mọ́.

"Any other" ni mo gbádùn jù láti kọ́ wọn. Màá pe ọmọkùnrin tó ga jù síwájú, màá kọ ọ́ sójú pátákó: "Túndé is taller than any boy in this class." Ṣé òótọ́ ni? Wọ́n á pariwo, "Yes, sir!" Màá ní, Túndé fúnra rẹ̀ ńkọ́, ṣé kì í ṣe ọmọ kíláàsì yìí ni? Àbí ó ga ju ara rẹ̀ lọ? Ẹ̀rín á sọ. Kò ní pẹ́ tẹ́nì kan á fi dìde wá ki "other" bọ àárín "any" àti "boy". Tó bá jẹ́ kíláàsì mìíràn la fi í wé, "any boy" ti tó.

Àwa ń sọ pé "Túndé ló ga jù", wọn ì báà jẹ́ méjì, wọn ì báà jẹ́ ogójì. Gẹ̀ẹ́sì ò gbà bẹ́ẹ̀: tí wọ́n bá jẹ́ méjì, "the taller of the two" ni, kì í ṣe "tallest".

Ẹ ní kó kọ gbólóhùn bíi mẹ́wàá nípa àwọn ará ilé yín, kó sì kà á sókè fún yín. Tó bá kọ "My brother is elder than me", "older" ni kó fi síbẹ̀, torí "than" kì í tẹ̀lé "elder".