Ìyá mi ní ẹnu àwọn dára, àbúrò mi ní tiẹ̀ ò dára: ta ni kí n gbà gbọ́?

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́. Ìyá mi ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Eyín wọn mẹ́ta ti yọ, ẹ̀jẹ̀ sì máa ń jáde tí wọ́n bá ń run orín, síbẹ̀ wọ́n ní kò sí ohun tó ṣe ẹnu àwọn. Àbúrò mi ọkùnrin, eyín rẹ̀ pé, kò dùn ún rí, àmọ́ ojoojúmọ́ ló ń ráhùn pé eyín òun ò dára. Ọ̀rọ̀ ta ni kí n gbà?

Ìdáhùn: Ẹ gba tàwọn méjèèjì, àmọ́ ẹ má fi rọ́pò àyẹ̀wò. Tí èmi bá wo ẹnu, ihò eyín, erìgì tó ti sún kúrò nípò rẹ̀ àti ìdọ̀tí tó ti gan mọ́ eyín ni mò ń wá. Ẹlẹ́nu kì í wá ìyẹn. Ohun tó ń bi ara rẹ̀ ni pé: ṣé ó ń dùn mí? Ṣé mo lè jẹun? Ṣé mo lè rẹ́rìn-ín láàárín èèyàn?

Ti ìyá yín ló ká mi lára jù. Àrùn erìgì kì í sábà dunni. Ó lè máa jẹ egungun tó di eyín mú fún ọ̀pọ̀ ọdún kí eyín tó bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ẹni tó bá ń dúró de ìrora yóò máa sọ pé ara òun le. Ta tún ni wọ́n ń fi ara wọn wé? Tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ wọn bá ti káyín, eyín mẹ́ta kò jẹ́ nǹkan kan lójú wọn, àgbà ló dé ni wọn yóò sọ. Bẹ́ẹ̀ ọjọ́ orí fúnra rẹ̀ kọ́ ló ń yọ eyín, àrùn ni. Oúnjẹ wa náà tún ń bo àṣírí. Òkèlè kì í béèrè eyín. Iyán, àmàlà, ẹ̀kọ, gbogbo ẹ̀ ló ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Èèyàn lè ti pa àgbàdo sísun, ìrèké àti ìgbín tì tipẹ́ láìfura, kó sì máa ní òun ṣì ń jẹun dáadáa.

Owó ńkọ́? Àpò ara wa ni ọ̀pọ̀ wa ní Nàìjíríà fi ń tọ́jú eyín, ohun tí apá èèyàn ò bá sì ká, kì í pẹ́ tí yóò fi máa pè é ní nǹkan kékeré. Ìbẹ̀rù tún wà níbẹ̀. Ẹni tó jẹ́ pé ìgbà kan ṣoṣo tó dé ọ̀dọ̀ dókítà eyín, ṣe ni wọ́n yọ eyín rẹ̀, tó bá ní ẹnu òun dára, ó lè jẹ́ pé kò fẹ́ padà síbẹ̀ ni. (Mi ò bá wọn wí. Ta ló ń yán hànhàn fún abẹ́rẹ́ inú ẹnu?)

Nítorí náà, ẹ yí ìbéèrè yín padà. Ní 1990, àwọn olùwádìí méjì ní Amẹ́ríkà, Kathryn Atchison àti Teresa Dolan, gbé ìbéèrè 12 nípa ìlera ẹnu kalẹ̀ fún àwọn àgbàlagbà, GOHAI ni wọ́n pè é. Ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín oṣù mẹ́ta ni wọ́n ń béèrè: ṣé ẹ ti dín oúnjẹ kan kù nítorí eyín? Ṣé ẹran tó le máa ń yọ yín lẹ́nu? Ṣé ara máa ń ni yín tí ẹ bá ń jẹun níwájú èèyàn? Ẹ bi ìyá yín bẹ́ẹ̀, kẹ́ ẹ gbọ́ ohun tí wọn yóò sọ.

Ní ti àbúrò yín, ojú táwọn èèyàn fi ń wò ó lòun fi ń wo eyín rẹ̀. Eyín tí wọ́n ti bó tàbí tí wọ́n fi ẹ̀rọ sọ di funfun ló kún orí fóònù. Eyín àdánidá máa ń pupa rúsúrúsú díẹ̀. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀ náà sì máa ń rí àléébù ara rẹ̀ ju bó ṣe wà lọ. Kó lọ ṣe àyẹ̀wò, ẹ má fi ṣẹ̀sín. Kó má ṣáà fi èédú tàbí ọsàn wẹ́wẹ́ ha eyín, torí ṣe nìyẹn máa ń jẹ ara eyín.

Ìyá yín kò ní láti fi orín sílẹ̀, àmọ́ kí wọ́n máa fi búrọ́ọ̀ṣì àti ọṣẹ ìfọyín tó ní fluoride (èròjà tó ń dáàbò bo eyín) fọnu kí wọ́n tó sùn. Tí ẹ bá dé ilé ìwòsàn, ẹ ní kí wọ́n yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn wò pẹ̀lú, torí àtọ̀gbẹ àti àrùn erìgì máa ń mú ara wọn le sí i. Ẹ béèrè iye owó kí ẹ tó kúrò nílé. Ẹ sọ fún ìyá yín pé wíwò àti fífọ ni ẹ ń bá lọ, kì í ṣe yíyọ. Wọ́n lè ní fífọ ló ń jẹ́ kí eyín mì. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀: ìdọ̀tí tó ti gan síbẹ̀ ló ń bo eyín tó ti ń mì tẹ́lẹ̀ mọ́lẹ̀.