Ológbò arúgbó tó ní àrùn kíndìnrín: ẹ wo bí ìtọ̀ rẹ̀ ṣe pọ̀ tó

Ẹ kú ìtọ́jú o, mà. Ẹ ní ológbò yín ti pé ọmọ ọdún 14, kíndìnrín rẹ̀ ti ń daṣẹ́ sílẹ̀, ó sì ti ń tọ̀ sẹ́yìn àpótí iyanrìn tí ẹ ní kó máa tọ̀ sí. Ẹ wá ń bèèrè bóyá kí ẹ dín omi rẹ̀ kù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò rárá. Kì í ṣe omi mímu ló ń mú un tọ̀. Kíndìnrín tó ti gbó kò lè fa omi padà sára mọ́, ìtọ̀ tó ń dà lọ ló ń lé e sídìí omi. Bí ẹ bá gba omi lẹ́nu rẹ̀, ara rẹ̀ á gbẹ, ìwọ̀nba kíndìnrín tó ṣẹ́ kù á sì bàjẹ́ sí i.

Bí ìtọ̀ náà ṣe pọ̀ tó ni kí ẹ wò. Iyanrìn tó ṣù tóbi bí ọsàn, lẹ́ẹ̀mẹ́ta sí mẹ́rin lójúmọ́: ti kíndìnrín nìyẹn. Bó bá ṣù wẹ́wẹ́ bí ẹ̀pà, tí ológbò ń wọlé jáde ṣáá, tó ń ké, tó ń lá abẹ́ rẹ̀, àpò ìtọ̀ ló ń dùn ún. Bó bá wá jẹ́ akọ, tó lóṣòó pẹ́ títí tí ẹ̀kán kan kò jáde, ẹ má dúró kí ilẹ̀ mọ́, ẹ gbé e lọ bá dókítà ẹranko. Potassium, irú iyọ̀ kan tó yẹ kó bá ìtọ̀ jáde, á gùn nínú ẹ̀jẹ̀, ọkàn á sì dáṣẹ́ dúró. Ọjọ́ kan sí méjì tó láti pa á. Ẹ má tẹ ikùn rẹ̀ o, àpò tó kún lè bẹ́. Àmọ́ àìrígbẹ́yà náà wọ́pọ̀ lára ológbò tó ní àrùn kíndìnrín, nítorí ara tó gbẹ, òun náà sì máa ń mú wọn lóṣòó bẹ́ẹ̀. Dókítà ẹranko ni kó fọwọ́ kàn án.

Bí wọ́n bá wọn bí ìtọ̀ ṣe ki tó (specific gravity; ti omi lásán jẹ́ 1.000), ti ológbò tí kíndìnrín rẹ̀ le sábà máa ń ju 1.035 lọ. Ti aláìsàn lè já sí 1.008 sí 1.012, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí omi lásán, kòkòrò àìfojúrí sì ń ríbi gbé nínú rẹ̀. Kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín gba ikùn fa ìtọ̀ náà jáde, kí wọ́n sì gbìn ín ní láàbù láti wò bóyá kòkòrò á hù níbẹ̀, kí wọ́n tó kọ oògùn apakòkòrò (antibiotic). Èyí tí wọ́n bù nínú àpótí ti dọ̀tí, irọ́ ló máa pa fún yín.

Bí dókítà bá ní kí ẹ máa fún un ní dírípù sábẹ́ awọ nílé, Ringer's lactate, omi oníyọ̀ tí wọ́n ń fà síni lára, ló sábà máa ń jẹ́. Ẹ má lo èyí tó ní dextrose (ṣúgà), ó lè dá egbò sí awọ. Ológbò kílò 4 sábà máa ń gba mílílítà 100 sí 150 lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n èyí tí ọkàn rẹ̀ kò le, omi púpọ̀ lè rọ́ sí i láyà. Ẹ ki àpò dírípù bọ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, kí ẹ kán an sí ọrùn ọwọ́ yín wò. Ẹ gbé awọ láàárín èjìká sókè bí àgọ́, ẹ gún ìdí àgọ́ náà. Abẹ́rẹ́ tuntun nígbà gbogbo, nọ́ńbà 18 tàbí 20. Èyí tó ti kújú ló ń dùn wọ́n. Bí irun bá tutù, abẹ́rẹ́ ti yọ sí òdìkejì awọ. Bí omi bá rọ́ wá sí apá bí kókó, ẹ má fòyà, ara á fà á mu láàárín wákàtí díẹ̀.

Ẹ má fún un ní parasítámọ́ọ̀lù, ẹyọ kan pàápàá lè pa ológbò. Ibuprofen náà ń ba kíndìnrín jẹ́.

Ti ẹ̀yìn àpótí yẹn, oríkèé lè máa ro ó. Ẹ gé iwájú àpótí náà wálẹ̀ kó ku bíi sẹ̀ǹtímítà 8, kó lè wọlé láìfò, kí ẹ sì gbé òmíràn sítòsí ibi tó ń sùn.