Èsì: Ẹ má tíì ki ámpù onítube yẹn bọ iná

Ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ béèrè bóyá ẹ lè ki ámpù gìtá onítube (ẹ̀rọ tó ń fi túùbù onígíláàsì gbé ohùn gìtá sókè) tó ti pẹ́ ní stọ́ọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì yín bọ iná tààrà. Rárá, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ oṣù tó kọjá lẹ lò ó kẹ́yìn ni, kò séwu. Àmọ́ capacitor, ìyẹn ẹ̀yà inú rẹ̀ tó ń tọ́jú iná pamọ́, lè bẹ́ tí kò bá rí iná fún ọdún púpọ̀, kó sì jó transformer inú ámpù náà mọ́ra.

Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀: tó bá kọ 120V, iná wa tó lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ máa sun ún.

Ẹ so spíkà rẹ̀ mọ́ ọn. Kí oníṣẹ́ iná wá fi gílóòbù 60W ayé àtijọ́, kì í ṣe LED, sójú wáyà rẹ̀, kí iná máa gba inú gílóòbù náà kọjá kó tó dé ámpù. Tí gílóòbù bá tàn yòò, tó wá rẹlẹ̀, ó dáa. Tó bá ń tàn yòò lọ, ẹ pa á kíá, ó ti ṣáàtì.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tọwọ́ bọnú rẹ̀, kódà tẹ́ ẹ bá ti yọ ọ́ nínú iná. Iná tó ju 300V lọ lè ṣì wà nínú capacitor.