Ìgbà wo ni mo lè padà sídìí odó?

Ìbéèrè: Oníyán ni mí l'Adó-Èkìtì, ó pé ọ̀sẹ̀ 2 tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún mi láti dín àpò oúnjẹ mi kù kí n lè fọn, ara ti ń yá, àwọn kọ́sítọ́mà sì ń pè mí. Ṣé kí n ṣí ṣọ́ọ̀bù?

Ìdáhùn: Ẹ kú ewu o mà. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má tíì fọwọ́ kan ọmọ odó. Tó bá ṣe iṣẹ́ ọ́fíìsì ni, tó sì jẹ́ ojú ihò kéékèèké ni dókítà gbà ṣe é, ọ̀sẹ̀ 2 sí 3 lè tó, àmọ́ iyán gígún le, gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá gbé ọmọ odó sókè, iṣan ikùn ló ń ṣiṣẹ́, òde lè ti jiná kí inú ṣì tutù, ìfun sì lè yọ gba ojú abẹ. Ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 látọjọ́ iṣẹ́ abẹ, kí dókítà yín sì yọ̀ǹda. Tẹ́ ẹ bá ní ọmọọṣẹ́, kó máa gún un, kẹ́ ẹ̀yin jókòó gbowó, ẹ sì máa rìn díẹ̀díẹ̀ nínú ilé. Ìyẹn bíńtín tí oníyán máa ń já tọ́ wò lẹ́nu odó ńkọ́? Ẹ gbàgbé ẹ̀ ná, ó lè há. Tí ibà bá dé, tí àyà ń lù kìkì, tí inú ń run yín gan-an tàbí ẹsẹ̀ kan wú, ọsibítù ní kíá o.