Ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn: bí a ṣe ń gbé e dé ibi tí wọn yóò ti gbọ́ ọ

Ìbéèrè yín ni pé, bí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn bá jẹ́ ti gbogbo ènìyàn lóòótọ́, èwo nínú rẹ̀ ni ìjọba kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn, kí sì ni ẹni tí wọ́n tì mọ́lé láìnídìí tàbí tí wọ́n lù ní àtìmọ́lé lè ṣe. Ti gbogbo ènìyàn ni, kò sí àní-àní: olówó àti tálákà, onílé àti àlejò, ẹlẹ́wọ̀n pàápàá. Àmọ́ mo ti ka ọ̀pọ̀ ìwé ẹ̀sùn tí ẹ̀tọ́ inú wọn hàn gbangba, síbẹ̀ tí wọ́n já kulẹ̀. Kì í sábà jẹ́ pé olùfisùn kò lẹ́tọ̀ọ́. Ó gbé e lọ síbi tí kò yẹ, tàbí ó pẹ́ jù, tàbí ìbínú ló kún inú ìwé náà bámúbámú tí kò sì sí ọjọ́, wákàtí tàbí orúkọ kankan níbẹ̀.

Ìkéde Káríayé fún Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ni gbogbo ènìyàn máa ń kọ́kọ́ nawọ́ mú. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí i ní ìlú Paris lọ́jọ́ 10 oṣù Kejìlá ọdún 1948. Orílẹ̀-èdè 48 dìbò fún un, 8 fà sẹ́yìn, ẹnikẹ́ni kò dìbò lòdì sí i. Abala 30 ni ó ní, ó sì yẹ ní kíkà. Ṣùgbọ́n ìkéde ni, kì í ṣe àdéhùn, ẹni tó bá sì gbé gbogbo ẹjọ́ rẹ̀ lé e lórí ti fún agbẹjọ́rò ìjọba ní ọ̀nà àbáyọ. Àdéhùn méjì ti ọdún 1966 ni kí ẹ wá: ọ̀kan lórí ẹ̀tọ́ aráàlú àti ti òṣèlú, ìkejì lórí ẹ̀tọ́ ọrọ̀ ajé, àwùjọ àti àṣà. Ọdún 1976 ni àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́.

Kí ẹ tó kọ ọ̀rọ̀ kan, ẹ lọ wo àkójọ àdéhùn tó wà lórí ìkànnì Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Ẹ wò ó bóyá orílẹ̀-èdè tí ọ̀rọ̀ kàn ti fìdí àdéhùn náà múlẹ̀, nítorí pé kí aṣojú ìjọba kàn buwọ́ lù ú kò tíì tó. Ẹ wo ọjọ́ tí ó fìdí rẹ̀ múlẹ̀, nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ tó sì parí kí ọjọ́ náà tó dé kì í sábà wọ inú ẹjọ́. Ẹ wò ó bóyá ó yọ abala kankan sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ìwé àfikún àdéhùn, tó jẹ́ òun ló ń fún ẹnì kọ̀ọ̀kan láyè láti fi ìjọba rẹ̀ sùn. Orílẹ̀-èdè púpọ̀ wà nínú àdéhùn tí wọn kò sí nínú àfikún. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹ̀sùn ti ń kú láì tíì bẹ̀rẹ̀.

Ní ti èyí tí ìjọba kò gbọdọ̀ yẹ̀ lórí rẹ̀, kódà nígbà ogun tàbí pàjáwìrì, abala 4 àdéhùn ẹ̀tọ́ aráàlú ka wọ́n: kí a má fi ẹ̀mí ènìyàn ṣòfò, kí a má dá ẹnikẹ́ni lóró, kí a má mú ẹnikẹ́ni lẹ́rú, kí a má ju ẹnikẹ́ni sẹ́wọ̀n torí pé kò lè san gbèsè tó ti inú àdéhùn òun àti ẹlòmíràn wá, kí a má fi òfin òní jẹ ènìyàn níyà fún ohun tí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ nígbà tó ṣe é, kí òfin mọ olúkúlùkù bí ènìyàn, àti òmìnira èrò, ẹ̀rí ọkàn àti ẹ̀sìn. Ìjọba tó bá fẹ́ dá èyí tó kù dúró nítorí pàjáwìrì gbọ́dọ̀ kéde pàjáwìrì náà ní gbangba, kí ó sì fi tó Akọ̀wé Àgbà Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé létí. Ẹ wá ìkéde náà. Bí kò bá sí, kí ẹ kọ ọ́ sínú ẹ̀sùn yín.

Ìkìlọ̀ méjì níbẹ̀. Ohun tí ènìyàn gbà gbọ́ nínú ọkàn rẹ̀ ni ìjọba kò lè dé ibẹ̀ rárá. Bí ó ṣe ń fi ẹ̀sìn náà hàn ní ìta ni òfin lè fi ààlà sí. Ọ̀rọ̀ gbèsè sì nìyí: ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò tó owó ni àdéhùn ń dáàbò bò, kì í ṣe ẹni tó lu jìbìtì. Ẹni tó bá da àwọn méjèèjì pọ̀ nínú ìwé ẹ̀sùn ti ba ara rẹ̀ jẹ́.

Àwọn òmìnira tó kù, bíi ọ̀rọ̀ sísọ, ìpéjọpọ̀, ẹgbẹ́ dídá sílẹ̀ àti rírìn káàkiri, ìjọba lè fi ààlà sí wọn, ṣùgbọ́n kì í ṣe bó ṣe wù ú. Ìbéèrè mẹ́ta ni a ó bi í. Àkọ́kọ́: òfin wo ló fún ọ láṣẹ, ṣé ó ti wà nílẹ̀, ṣé ó sì ṣe kedere tí aráàlú fi lè mọ ohun tó kà léèwọ̀? Ìkejì: kí ni ò ń dáàbò bò, ààbò ìlú, ìlera, ètò àwùjọ, àbí ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn? Ìkẹta: ṣé kò sí ọ̀nà mìíràn tí kò ní ni aráàlú lára tó èyí? Ẹ má fi gbogbo agbára yín ja ìbéèrè kejì, ìjọba kì í wá ìdáhùn rẹ̀ tì. Ìkẹta ni ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti máa ń yẹ̀. Bí ẹnì kan bá ju òkúta níbi ìwọ́de kan, mímú ẹni náà tọ́. Fífòfin de gbogbo ìwọ́de ní gbogbo ìlú láìní gbèdéke kò tọ́. Bákan náà, òfin lè ní kí ẹ fi ìwọ́de tó àwọn aláṣẹ létí. Àmọ́ Ìgbìmọ̀ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn, ìyẹn àwọn amòye Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń bójú tó àdéhùn ẹ̀tọ́ aráàlú, ti sọ ọ́ ní 2020 pé àìfi-tónilétí nìkan kò sọ ẹni tó kópa di arúfin.

Ẹ̀tọ́ sí iṣẹ́, ilé, ìlera àti ẹ̀kọ́ ní ìlànà tirẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni ìjọba lè máa mú un ṣẹ bí agbára rẹ̀ bá ṣe mọ, ṣùgbọ́n kò sí díẹ̀díẹ̀ nínú ìyàsọ́tọ̀. Bí wọ́n bá fún àwọn kan tí wọ́n sì yọ àwọn mìíràn sílẹ̀ nítorí ẹ̀yà, ẹ̀sìn tàbí pé wọ́n jẹ́ obìnrin, ẹ̀sùn yín dúró lónìí. Àmọ́ bó bá jẹ́ pé ìjọba kò lówó ni lásán, ó ṣòro láti fi pè é lẹ́jọ́.

Ó kan ọ̀rọ̀ àtìmọ́lé, ibẹ̀ ni ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan ti ń ka. Abala 9 àdéhùn ẹ̀tọ́ aráàlú ní kí wọ́n sọ ìdí fún ẹni tí wọ́n ń mú nígbà tí wọ́n ń mú un gan-an, kí wọ́n sọ ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án láìpẹ́, kí wọ́n sì gbé ẹni tí wọ́n fi ẹ̀sùn ọ̀daràn kàn dé iwájú adájọ́ kíákíá. Ìgbìmọ̀ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti là á yé wa ní 2014 pé wákàtí 48 máa ń tó. Ohun tó bá kọjá bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ìdí àrà ọ̀tọ̀. Ẹni tó wà ní àtìmọ́lé tún lè ní kí ilé ẹjọ́ yẹ ìdí tí wọ́n fi tì í mọ́lé wò, láìdúró de ìgbẹ́jọ́. Ìyẹn ni kí agbẹjọ́rò kọ́kọ́ ṣe.

Ẹbí tó wà níta kò gbọdọ̀ dúró de agbẹjọ́rò kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ nǹkan sílẹ̀. Ẹ kọ aago tí wọ́n mú un, ibi tí wọ́n ti mú un, nọ́ńbà ọkọ̀, aṣọ tí wọ́n wọ̀, orúkọ tàbí nọ́ńbà àyà wọn, ohun tí wọ́n sọ gan-an, àti orúkọ àwọn tó wà níbẹ̀. Ẹ lọ sí àgọ́ náà, kí ẹ béèrè bóyá orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé àkọsílẹ̀, kí ẹ sì kọ aago tí ẹ béèrè àti èsì tí wọ́n fún yín. "A ò mọ̀ ọ́n" tí wọ́n bá sọ lọ́jọ́ kìíní lè di ẹ̀rí tó lágbára jù lọ bí ó bá hàn lẹ́yìn náà pé ọwọ́ wọn ló wà. Bí ẹni náà bá jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè mìíràn, àdéhùn Vienna ti 1963 lórí iṣẹ́ àwọn aṣojú orílẹ̀-èdè ní kí wọ́n sọ fún un pé ó lè ní kí wọ́n fi tó aṣojú orílẹ̀-èdè rẹ̀ létí. Kí ẹni tó wà nínú má buwọ́ lu ìwé òfìfo tàbí èyí tí kò yé e. Ó ní ẹ̀tọ́ sí ògbufọ̀ ní ilé ẹjọ́, wọn kò sì gbọdọ̀ fi tipátipá mú un jẹ́wọ́.

Bí wọ́n bá ti lù ú, dókítà ni, lọ́jọ́ náà gan-an bí ó bá ṣeé ṣe. Ojú ọgbẹ́ máa ń yí padà láàárín ọjọ́ díẹ̀, ara wíwú sì tètè ń fà. Ìwé dókítà tó kàn sọ pé "ó ní wọ́n lu òun" kò wúlò tó. Ohun tí ẹ fẹ́ ni ibi tí ọgbẹ́ wà lára, gígùn rẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà, àwọ̀ rẹ̀, àwòrán ara tí a sàmì sí, àti èrò dókítà lórí bí ọgbẹ́ náà ṣe bá ìtàn mu sí. Ìwé ìlànà àgbáyé fún irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀, Istanbul Protocol, tí wọ́n tún ṣe ní 2022, ní ìpele márùn-ún fún un: láti èyí tí kò bá a mu rárá dé èyí tí kò lè ti ibòmíràn wá. Kí dókítà yan ọ̀kan. Kí ó má sì ṣe kọ ọ́ pé kò sí ìdálóró torí pé kò rí àpá, nítorí ọ̀pọ̀ ìdálóró ni kì í fi àpá sílẹ̀. Kí ó wo ọkàn ẹni náà pẹ̀lú.

Ẹ ya fọ́tò láti òkèèrè kí ojú lè hàn, kí ẹ tún yà á láti ìtòsí pẹ̀lú rúlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbẹ́. Ẹ fi fọ́tò náà sílẹ̀ nínú fóònù tí ẹ fi yà á, kí ẹ sì da ẹ̀dà rẹ̀ sí ibòmíràn tààrà. Bí ẹ bá fi í ránṣẹ́ lórí WhatsApp bí àwòrán lásán, yóò fún un pọ̀, yóò sì yọ ọjọ́ àti ibi tí a ti yà á kúrò nínú rẹ̀. Aṣọ tó ní ẹ̀jẹ̀, inú àpò ìwé ni kí ẹ fi sí, kì í ṣe nínú ọ̀rá, kí èébu má bàa hù sí i.

Kí ẹ tó gbé ẹjọ́ lọ síta, ilé ẹjọ́ orílẹ̀-èdè yín ni ẹ ó kọ́kọ́ lọ, títí dé òpin ọ̀nà tó bá ṣiṣẹ́. Láti ilé ẹjọ́ àkọ́kọ́ ni kí ẹ ti dárúkọ ẹ̀tọ́ tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹni tó jà lórí àṣìṣe ìlànà nìkan nílé, tó wá dé òkè òkun kó tó sọ̀rọ̀ ìdálóró, wọn yóò sọ fún un pé kò tíì fún ìjọba rẹ̀ láyè láti tún un ṣe. Bí ẹjọ́ bá ń falẹ̀ kọjá ààlà, tàbí bí ọ̀nà náà kò bá ṣí sílẹ̀ fún yín rárá, wọ́n lè yọ̀ǹda. Àmọ́ "mo mọ̀ pé wọn ò ní dá mi láre" kì í ṣe àwáwí. Ẹ fi ẹ̀rí rẹ̀ hàn: ọjọ́ tí ẹ kọ̀wé, ọjọ́ tí wọ́n sún ẹjọ́ síwájú, ìdí tí wọ́n sọ.

Ibì kan wà tí kò béèrè pé kí ẹ kọ́kọ́ lọ sí ilé ẹjọ́ tàbí pé kí orílẹ̀-èdè wà nínú àdéhùn: ẹgbẹ́ amòye márùn-ún tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé dá sílẹ̀ ní 1991 lórí àtìmọ́lé aláìtọ́. Bí ẹni náà bá pòórá tí ìjọba sì ń sẹ́ pé kò sí lọ́wọ́ òun, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1980 lórí àwọn tí a fi tipá gbé pamọ́ ni ẹ ó kọ sí. Ó yà mí lẹ́nu bí àwọn agbẹjọ́rò tó mọ̀ wọ́n ṣe kéré tó.

Àkókò ń pa ẹjọ́. Ilé Ẹjọ́ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti Yúróòpù ń fúnni ní oṣù 4 látìgbà ìdájọ́ ìkẹyìn nílé; oṣù 6 ni tẹ́lẹ̀, ó yí padà lọ́jọ́ 1 oṣù Kejì ọdún 2022. Ìgbìmọ̀ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti àwọn orílẹ̀-èdè Àríwá àti Gúúsù Amẹ́ríkà ń fúnni ní oṣù 6. Ìgbìmọ̀ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti ilẹ̀ Áfíríkà kò dárúkọ oṣù, àkókò tó bọ́gbọ́n mu ló sọ, èyí tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ṣeré. Fún ẹ̀tọ́ ọrọ̀ ajé àti àwùjọ, ọdún 1 ni lọ́dọ̀ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Ti Ìgbìmọ̀ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ló gùn jù nínú wọn, ọdún 5, ẹni tó bá sì kọjá rẹ̀ ní láti ṣàlàyé ara rẹ̀. Ẹ mú ibì kan ṣoṣo. Bí ẹjọ́ kan náà bá wà níwájú ìgbìmọ̀ àgbáyé méjì, ọ̀kan lè fi èkejì kọ̀ yín sílẹ̀.

Nínú ìwé ẹ̀sùn náà, orúkọ ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ẹ lè bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n má gbé orúkọ náà jáde, ṣùgbọ́n ẹ̀sùn aláìlórúkọ kò wọlé. Ẹ to ìṣẹ̀lẹ̀ bó ṣe tẹ̀lé ara wọn, ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú nọ́ńbà, kí ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan sì tọ́ka sí ìwé ẹ̀rí kan. Ẹ̀dà ni kí ẹ fi ránṣẹ́, kí ojúlówó wà lọ́wọ́ yín. Ẹ kọ ohun tí ìjọba wí pẹ̀lú, nítorí agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dájọ́, òṣìkà ni, àwọn tó ń ka ìwé náà sì mọ̀. Bó bá jẹ́ aládàáni ló ṣẹ̀ yín, bí ọ̀gá níbi iṣẹ́, ẹ fi hàn pé ìjọba mọ̀, tàbí pé ó yẹ kó mọ̀, tí kò sì ṣe nǹkan kan. Bí wọ́n bá fẹ́ pa ẹni náà tàbí lé e lọ síbi tí wọn yóò ti dá a lóró, ojú ìwé àkọ́kọ́ ni kí ẹ ti béèrè àṣẹ ìdádúró, kí ẹ má fi í pamọ́ sí ìpínrọ̀ ogójì.

Ọdún púpọ̀ lè kọjá kí ìpinnu tó jáde. Nígbà tó bá jáde, Ìgbìmọ̀ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn máa ń fún ìjọba ní ọjọ́ 180 láti sọ ohun tó ti ṣe. Bí ọjọ́ 180 bá pé láìsí èsì, tàbí bí èsì náà bá jẹ́ irọ́, ẹ kọ̀wé sí ẹni tí ìgbìmọ̀ náà yàn láti máa bójú tó ìmúṣẹ ìpinnu. Ẹ fi nọ́ńbà ẹjọ́ náà sí i, kí ẹ sì sọ ní pàtó èyí tó kù: owó gbà-máà-bínú tí wọn kò tíì san, òṣìṣẹ́ tí wọn kò tíì pè lẹ́jọ́, òfin tí wọn kò tíì yí padà.