Èsì fún olùkọ́ tí ó fẹ́ gba fídíò sílẹ̀: ẹ má fi áàpù náà sí i

Ẹ̀yin olùkọ́ wa tí ẹ kọ̀wé láti Òmù-Àrán, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Ẹ ní ìkànnì kan fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ fi áàpù kan sórí kọ̀ǹpútà yín kí ẹ tó lè gba fídíò sáyẹ́ǹsì sílẹ̀ fún àwọn ọmọ kíláàsì yín, ẹ sì bèèrè bóyá kò ní kó fáírọ́ọ̀sì wá. Ẹ má fi sí i. Ohun tí ojú mi rí ni mo fi ń sọ̀rọ̀.

Iṣẹ́ fídíò yìgì àti wòlímọ̀ ni mò ń ṣe ní Ìlọrin. Ní alẹ́ ọjọ́ Jímọ́ kan, oníbàárà kan ní kí n bá òun gba wáàsí kan sínú fíláàṣì. Bọ́tìnnì aláwọ̀ ewé mẹ́ta ni mo bá lórí ìkànnì tí mo yà sí, ìpolówó sì ni méjì nínú wọn. Ohun tí ó bọ́ sílẹ̀ ní àwòrán fídíò lára, orúkọ rẹ̀ sì parí sí .mp4 lójú mi, ṣùgbọ́n Windows máa ń fi ìparí orúkọ fáìlì pamọ́ bí ènìyàn kò bá ní kí ó fi í hàn: .exe, ìparí orúkọ ètò kọ̀ǹpútà tí kì í ṣe ti fídíò, ni ó wà lẹ́yìn .mp4 yẹn. Ó ní kí n pa Defender, aṣọ́nà tí ó bá Windows wá, kí fídíò náà lè ṣí. Mo pa á.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kò sí fídíò kan tí ó ṣí mọ́. Lẹ́tà mẹ́rin tí kò ní ìtumọ̀ ti lẹ̀ mọ́ ìdí orúkọ gbogbo fáìlì, ìwé kan tí ń jẹ́ _readme.txt sì ní kí n san 980 dọ́là, tàbí 490 bí mo bá san án kí wákàtí 72 tó pé. Yìgì mọ́kànlá ni ó wà níbẹ̀ tí n kò tíì fi lé àwọn tí ó ni wọ́n lọ́wọ́. Ìyá ìyàwó kan láti Ọ̀fà jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù mi títí ìrọ̀lẹ́ fi lẹ́. Kò bú mi. Ó kàn ń bèèrè bóyá ohùn bàbá òun tí ó ṣàdúà níbi yìgì náà kò kù síbì kankan, nítorí pé ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn rẹ̀ ni bàbá náà jáde láyé.

Àwọn ọ̀mọ̀ràn wá dá kún un. Ẹni tí mo gbé kọ̀ǹpútà náà fún kí ó tún un ṣe ti fọ́ọ́mátì rẹ̀, ìyẹn ni pé ó ti pa gbogbo ohun inú rẹ̀ rẹ́, kí n tó kírun dé, ó sì gbowó lọ́wọ́ mi lórí rẹ̀. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo kà pé Emsisoft, ilé-iṣẹ́ kan tí ń gbógun ti fáírọ́ọ̀sì, ti gbé irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ kan jáde ní 2019 tí ó lè ṣí díẹ̀ nínú àwọn fáìlì tí fáírọ́ọ̀sì yìí, STOP/Djvu, bá tì pa. Òótọ́ ni pé kì í ṣí gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ti pa rẹ́ kò ṣeé dán wò mọ́. Òṣìṣẹ́ tí mo fẹjọ́ sùn ní tirẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní irú fídíò wo ni mò ń wò ní alẹ́. Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí yín, ẹ yọ kọ̀ǹpútà kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọ́ọ́mátì rẹ̀, kí ẹ sì fi fóònù yí gbogbo ọ̀rọ̀ aṣínà yín padà, ti báǹkì ṣáájú, nítorí pé ó sábà máa ń kó ètò mìíràn tí ń jí wọn dání.

Bí ìkànnì kan bá sì ní kí ẹ tẹ “Allow” kí ó lè máa fi ìròyìn ránṣẹ́ sí yín, ẹ kọ̀ ọ́. Ojoojúmọ́ ni yóò máa pariwo pé fáírọ́ọ̀sì ti wọ kọ̀ǹpútà yín.

Ní ti fídíò yín gan-an, NASA, àjọ Amẹ́ríkà tí ń ṣe ìwádìí òfuurufú, ní èyí tí ẹ lè gbà sílẹ̀ tààrà lórí ìkànnì wọn láìlo áàpù kankan. Bí wọ́n bá ní fídíò kan kò lè ṣí àfi pẹ̀lú ètò àjèjì, ẹ lọ gba VLC, ètò ọ̀fẹ́ tí ń ṣí fídíò, ní videolan.org, kì í ṣe níbòmíràn. Fáìlì tí ó bá fu yín lára, ẹ gbé e lọ sí VirusTotal, ìkànnì tí ń yẹ fáìlì wò bóyá fáírọ́ọ̀sì wà nínú rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí Windows máa fi ìparí orúkọ fáìlì hàn.

Ẹ ra hádì díráìfù kan tí ẹ ó máa da iṣẹ́ yín kọ sí, kí ẹ sì yọ ọ́ lára kọ̀ǹpútà ní kété tí ẹ bá parí, nítorí pé fáírọ́ọ̀sì yìí máa ń ti ohunkóhun tí ó bá bá níbẹ̀ pa. Inú àpótí aṣọ ni tèmi wà nílé. Alẹ́ Sátidé nìkan ni mo máa ń mú un jáde.