Ìbéèrè Yín: Kí Lẹ Rí Nínú Kòtò Yẹn?

Nínú àtẹ̀jáde tó kọjá, mo kọ díẹ̀ nípa ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí èmi àtàwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi lò ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tá a ti ń walẹ̀ wá ohun àtijọ́. Lẹ́tà tó wọlé pọ̀ ju bí olóòtú ṣe rò lọ. Ó ní kí n mú mẹ́ta dáhùn. Mo mú méjì tó dùn mọ́ mi, àti ọ̀kan tó kọ́kọ́ bí mi nínú.

Ọmọ mi ọkùnrin fẹ́ kọ́ ìmọ̀ òfin, ìwalẹ̀pìtàn ni yunifásítì fún un. Ṣé ilẹ̀ ni yóò máa gbẹ́ fún ọdún mẹ́rin ni? Iṣẹ́ wo ló wà níbẹ̀? (Ìyá kan, Ìlọrin)

Ẹ kú ìnáwó ọmọ o, mà. Ìyá tèmi náà bi mí bẹ́ẹ̀, ohùn tiwọn tilẹ̀ le ju tiyín lọ: "Ṣé torí kí o lè wá máa gbẹ́ kòtò ni mo ṣe ń ta gààrí?"

Inú kíláàsì ni ọ̀pọ̀ ọjọ́ ń lọ, mà. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni ilẹ̀ wíwà, kì í sì í ṣe ti dígà àti ṣọ́bìrì. Lẹ́yìn tí Baálé agbo ilé náà ti fi obì àti ọtí súre fún wa, a kan èèkàn mẹ́rin mọ́lẹ̀, a ta okùn yí i ká: mítà 2 níbùú, mítà 2 lóròó. Tíráwẹ̀lì tí bíríkìlà fi ń rẹ́ ògiri la fi ń ha ilẹ̀, sẹ̀ǹtímítà 10 lẹ́ẹ̀kan; ìyẹn là ń pè ní ìpele kan. Tá a bá ti dé ibẹ̀, ó di ká dúró, ká wọ̀n ọ́n, ká ya fọ́tò, ká fi erùpẹ̀ wé àwọ̀ inú ìwé kan bí ẹni tó ń yan ọ̀dà ilé. Gbogbo erùpẹ̀ tó bá jáde là ń jọ̀ nínú ajọ̀ onírin. Ọjọ́ kejì, orúnkún mi ti bó. Ọjọ́ kẹta, mo ti ń ronú irọ́ tí màá pa kí n lè lọ sílé.

Ohun tó dá mi dúró rèé. Ìpele àkọ́kọ́, ọ̀rá píọ̀ wọ́tà àti okùn sílípáàsì. Ìkejì, ìgò fífọ́ àti àwo tánńganran. Láti ìkẹta lọ, àpáàdì, àpáàdì ṣáá. Púpọ̀ nínú wọn ló ní àmì kótokòto lára, níbi tí amọ̀kòkò ti yí ṣùkù àgbàdo lórí amọ̀ tútù. Ọ̀gá wa gbé ọ̀kan sókè, wọ́n ní: "Ìgbà wo ni àgbàdo dé ilẹ̀ yìí?" Èmi ní láti ìgbà Odùduwà. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Amẹ́ríkà ni àgbàdo ti wá, kò sì dé ọ̀dọ̀ wa àfi lẹ́yìn tí ọkọ̀ ojú omi àwọn òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í ná ọ̀nà ibẹ̀ lẹ́yìn ọdún 1492. Ìkòkò tó bá ní àmì ṣùkù lára kò lè dàgbà ju ìyẹn lọ.

Nígbà tá a dé ìpele keje, àmì ṣùkù dáwọ́ dúró. Àmì okùn lílọ́ nìkan ló kù. A tún sọ̀kalẹ̀ ìpele mẹ́ta, a ò rí ṣùkù kan. Mo jókòó sínú kòtò, mo gbàgbé oúnjẹ ọ̀sán. Obìnrin tó dáná níbí kò mọ ẹ̀kọ àgbàdo, kò jẹ àádùn rí. Kí ló ń fún ọmọ ẹ̀ mu láàárọ̀? Ògì ọkà bàbà ni mo fi sọ́kàn, kò sẹ́ni tó bá mi jiyàn.

Ní ti iṣẹ́, mi ò ní tàn yín, mà. Iṣẹ́ kò pọ̀. Àwọn kan wà ní mùsíọ́ọ̀mù ìjọba, àwọn kan ń kọ́ni, ẹ̀gbọ́n wa kan tó mọ̀ ọ́n ju gbogbo wa lọ wà ní báńkì. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ wọ kòtò lẹ́ẹ̀kan kó tó máa bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n yí òun padà sí òfin.

Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ rí góòlù? Tẹ́ ẹ bá rí i, ta ló ń kó o? (Ọmọ SS2, Oǹdó)

Kò sí góòlù, àbúrò. Ìlẹ̀kẹ̀ márùn-ún ni kòtò wa bí, èyí tó kéré jù nínú wọn kò tó ọkà bàbà. Ajọ̀ ló gbà á là. Ojú mi ti fò ó. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ọrọ̀ lò ń wá, lọ bi wọ́n léèrè nípa Igbó Olókun, ní Ilé-Ifẹ̀ níbẹ̀. Láàárín ọdún 2010 sí 2012, Abídèmí Babalọlá walẹ̀ níbẹ̀, ó rí ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì tó ju 12,000 lọ, pẹ̀lú àfọ́kù ìkòkò tí wọ́n fi ń yọ́ gíláàsì. Tẹ́lẹ̀, ohun tí ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé gbà ni pé òkèèrè ni gíláàsì náà ti wá, pé ṣe ni àwọn ará Ifẹ̀ kàn ń tún un yọ́. Nígbà tí wọ́n yẹ èròjà inú ẹ̀ wò, ó yàtọ̀ sí ti ibòmíràn: àwọn baba wa ló ń po gíláàsì fúnra wọn, láàárín ọ̀rúndún 11 sí 15.

Ìlẹ̀kẹ̀ wa wà nínú ọ̀rá, ó ní nọ́ńbà. Kò sẹ́ni tó kó o relé.

Mo ń gbẹ́ sọ́kàwéè lẹ́yìn ilé mi ní Ifẹ̀, mo bá àpáàdì tí wọ́n tò nínàró bíi táìsì. Kí ló dé tí mi ò lè bu díẹ̀ tà? Kí ni gbígbẹ́ tiyín fi sàn ju tèmi lọ? (Onílé kan)

Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí, mo sì rò ó fún ọjọ́ méjì. Ẹ jàre, sà, lápá kan. Àwa náà ń ba ilẹ̀ jẹ́. Ibi tá a bá ti wà, kò sẹ́ni tó lè tún un wà mọ́ láéláé. Ìwé tá a kọ nìkan ni ìyàtọ̀.

Mo mọ èyí nítorí ìtìjú ara mi. Ọjọ́ kan tí òjò ń ṣú, mo da àpáàdì ìpele kẹrin àti ìkarùn-ún sínú ọ̀rá kan ṣoṣo, mi ò kọ nǹkan kan sí i. Mo rò pé màá rántí. Ọ̀gá wa dà á sórí tábìlì, wọ́n ní kí n sọ èyí tó jẹ́ ti ibí àti èyí tó jẹ́ ti ọ̀hún. Mi ò lè sọ. Wọn ò bú mi, wọ́n kàn gbé gbogbo ẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Àpáàdì tí kò mọ ilé ẹ̀ ni, kò wúlò fún ìṣírò kankan.

Ní 1938, àwọn tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní Agbo Ilé Wúnmọníjẹ̀ hú àwọn orí idẹ tí gbogbo ayé mọ Ifẹ̀ mọ́ lónìí. Ọ̀kan wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù títí di òní. William Bascom, ará Amẹ́ríkà, ra méjì. Ó dá wọn padà ní 1950. Ó dáa. Àmọ́ bí wọ́n ṣe sùn sínú ilẹ̀, ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, èédú tí à bá fi mọ ọjọ́ orí wọn, kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀. Orí tó rẹwà tó bẹ́ẹ̀, ìdí kan náà ló fi jọ àpáàdì inú ọ̀rá mi.

Ohun tẹ́ ẹ bá yẹn, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ àtijọ́ ni. Àwọn àgbà Ifẹ̀ ní Lúwo, obìnrin tó jọba, ló ní kí wọ́n tẹ́ irú ẹ̀ sígboro. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá àwọn òṣìṣẹ́ dúró. Ẹ má fọ̀ ọ́, ẹ má hú u. Ẹ fi rúlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ẹ ya fọ́tò, kẹ́ ẹ wá lọ sí mùsíọ́ọ̀mù ìjọba tó wà nítòsí ààfin. Tí òjò bá ń bọ̀, ẹ fi tapólì bò ó, kẹ́ ẹ gbé búlọ́ọ̀kù lé e ní gbogbo etí. Òkúta kéékèèké la fi lé tiwa. Atẹ́gùn gbé e lọ lóru, a sì fi abọ́ gbọ́n omi títí di ọ̀sán.